Ṣé kí n fi gbogbo owó tí mo tọ́jú ra ìpín ilé-iṣẹ́ tó ń fún mi lómi?

Arábìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì ń gbé ní ìlú Maricopa ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ó di ọdún mẹ́rin tí a ti ra ilé síbí. Ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa lómi, Global Water Resources, wà lórí ọjà ìpín-ìdókòwò. Wọ́n ní àwọn ń tún omi lò, àwọn kì í sì í fi í ṣòfò. Mo ní 12,000 dọ́là nípamọ́. Ọkọ mi ní kí a fi gbogbo rẹ̀ ra ìpín níbẹ̀, pé kò sí ẹni tí kò ní lo omi, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ìjọba ń bójú tó o, owó wa kò lè sọnù. Kí ni ẹ rí sí i?"

Arábìnrin mi, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ yín, nítorí pé omi kì í ṣe ọjà tí àwọn ènìyàn lè pa tì lọ́la, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ní owó yín "kò lè sọnù" ni mo ti fẹ́ kí a dúró díẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe fi gbogbo 12,000 dọ́là náà síbẹ̀. Bí ọkàn yín bá fà sí i gidigidi, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá 1,000 dọ́là. Kì í ṣe pé mo rí àbùkù ńlá kan lára ilé-iṣẹ́ náà. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín ju ọ̀dọ̀ wọn lọ, a ó sì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí irú ilé-iṣẹ́ báyìí ṣe ń rí owó, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ omi ló gbà pé èrè orí omi ni àwọn fẹ́ pín, èrè náà kò sì sí lórí omi.

Bí ẹ bá jáde lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ tó wà nítòsí yín, ẹ ó rí ìdérí kékeré aláwọ̀ àlùkò nínú koríko, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi ibẹ̀. Àwọ̀ àlùkò yẹn ni wọ́n fi ń ya omi àtúnlò sọ́tọ̀ kúrò lára omi mímu ní Amẹ́ríkà. Omi tí ẹ fi wẹ̀, tí ẹ fi fọ aṣọ, tí ẹ fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ń gba páìpù ẹ̀gbin dé ibi tí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ti máa jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á pa àwọn kòkòrò àrùn tó kù nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tì í gba páìpù mìíràn padà lọ sórí koríko àti sínú àwọn adágún tí wọ́n gbẹ́ sí àárín àdúgbò. Àwọn ìyá wa náà ṣe é. Omi tí wọ́n bá fi ṣan aṣọ kẹ́yìn, wọn kì í dà á nù; òun ni wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ balùwẹ̀, èyí tó bá sì kù a di ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òye kan náà ni, àfi pé ní ọ̀dọ̀ yín, páìpù méjì ló wọ àdúgbò, owó tí páìpù kejì ná ilé-iṣẹ́ náà kò sì kéré.

Àǹfààní rẹ̀ tóbi ní ilẹ̀ aṣálẹ̀. Omi tí ilé kan ń lò níta, fún koríko àti igi, lè ju ìdajì gbogbo omi tí ó ń lò lọ, omi ìta náà sì ni oòrùn ń fà lọ tí a kì í rí padà. Nígbà tí omi àtúnlò bá ti gba iṣẹ́ koríko gbogbogbòò ṣe, omi tí wọ́n fà láti inú kànga á ku ti mímu àti ti ìlò inú ilé, kànga kan náà á sì gbọ́ bùkátà ilé tó pọ̀ sí i.

Nísinsìnyí, owó. Ní Arizona, ilé-iṣẹ́ omi aládàáni kò lè dá owó omi gé fúnra rẹ̀. Arizona Corporation Commission, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí àwọn olùdìbò ń yàn, tí ó sì wà nínú òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà láti ọdún 1912, ni ó ń gé e. Ìgbìmọ̀ náà á ṣírò iye owó tí ilé-iṣẹ́ ti rì sínú kànga, ẹ̀rọ, ilé ìfọmi àti páìpù, á yọ iye tó ti gbó kúrò nínú rẹ̀, á tún yọ èyí tí àwọn akọ́lé fi ta á lọ́rẹ, kí ó tó sọ pé: eléyìí ni owó tí a gbà pé ẹ ná fún àǹfààní oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní owó-ìpìlẹ̀. Lórí owó-ìpìlẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ti ń gba ilé-iṣẹ́ láyè láti jèrè. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, iná mànàmáná, kẹ́míkà àti owó orí ni oníbàárà ń san padà bó ṣe rí, láìsí èrè lórí wọn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, tí mo fọwọ́ ara mi ṣe kí ìṣirò náà lè yé yín. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan pàtó. Ká ní owó-ìpìlẹ̀ jẹ́ 100 mílíọ̀nù dọ́là, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ gbèsè tí wọ́n ń san èlé ìdá 5 nínú 100 lórí rẹ̀, tí ìdajì kejì sì jẹ́ owó àwọn tó ni ìpín, tí ìgbìmọ̀ gbà kí wọ́n jèrè ìdá 9.5 lórí rẹ̀. Èlé jẹ́ mílíọ̀nù 2.5, èrè àwọn onípìn-ín jẹ́ mílíọ̀nù 4.75. Bí ìnáwó ọdún bá jẹ́ mílíọ̀nù 20, gbogbo owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí gbà lọ́wọ́ oníbàárà á jẹ́ mílíọ̀nù 27.25, òun ni wọ́n á sì pín sórí iye ilé àti iye gálọ́ọ̀nù. Wàyí o, ká ní wọ́n ti gé owó tán ni owó iná àti owó òṣìṣẹ́ wá fi mílíọ̀nù kan lé sí i. Kò sí ẹni tó máa san mílíọ̀nù kan yẹn fún wọn. Inú mílíọ̀nù 4.75 ti àwọn onípìn-ín ni ó ti máa jáde, títí wọ́n á fi padà lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ìdá 9.5 tí a kọ sínú ìwé á wá di ìdá 7.5 lọ́wọ́. Ohun tí ìgbìmọ̀ fún wọn ni àyè láti jèrè; èrè fúnra rẹ̀, àwọn ni wọ́n máa wá a.

Ìdádúró yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Arizona, nítorí pé ìnáwó ọdún tó ti kọjá ni wọ́n ń lò láti gé owó ọdún tó ń bọ̀. Ilé-iṣẹ́ yín yìí gbé ìbéèrè fún owó tuntun lọ síwájú ìgbìmọ̀ ní oṣù Keje ọdún 2020, pẹ̀lú ìṣirò ọdún 2019; oṣù Keje ọdún 2022 ni ìpinnu jáde, wọ́n sì tún pín àfikún náà sí ìpele ìpele títí di ọdún 2024. Ẹ rántí bí ọjà ṣe gbówó lórí láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìgbìmọ̀ náà gbé ìlànà kan jáde tó fàyè gba ilé-iṣẹ́ láti béèrè pé kí wọ́n máa tún owó náà yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Bí èyí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ omi, ó máa dín ìdádúró yẹn kù púpọ̀, mo sì kà á sí ohun tó ṣe pàtàkì fún onípìn-ín ju ìròyìn èyíkéyìí nípa ilé ìfọmi tuntun lọ.

Ẹ ti rí i báyìí pé àtúnlò omi fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń mú èrè wá. Páìpù aláwọ̀ àlùkò ló ń mú un wá, nítorí pé owó tí wọ́n rì sínú rẹ̀ lè wọ inú owó-ìpìlẹ̀, bí ìgbìmọ̀ bá gbà pé ó pọn dandan. Bí ìgbìmọ̀ bá ní ilé ìfọmi tí ẹ kọ́ tóbi ju iye ènìyàn tó wà nílùú lọ, wọ́n lè ní kí apá kan rẹ̀ dúró síta títí ìlú yóò fi kún. Owó náà ti lọ, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù wá ni ìṣọ́ omi lò. Ẹ wo ìwé owó omi yín: apá kan wà tí ẹ ń san lóṣooṣù, ẹ lo omi, ẹ kò lo omi, apá kejì ń tẹ̀lé iye gálọ́ọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ yín tilẹ̀ ní ètò tí ẹni tí kò bá lo omi kọjá òdiwọ̀n kan lóṣù fi ń rí ẹ̀dínwó gbà. Ètò dáadáa ni fún ilẹ̀ tí òjò kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà sínú àpẹẹrẹ mi. Ká ní ìdá 60 nínú 100 owó tó ń wọlé ń tẹ̀lé gálọ́ọ̀nù, tí àwọn ará ìlú sì fi ìdá 5 dín omi tí wọ́n ń lò kù. Owó tó máa sọnù jẹ́ nǹkan bíi 820,000 dọ́là, ìnáwó kò sì ní dín kù tó bẹ́ẹ̀, nítorí páìpù kò kúrú sí i, òṣìṣẹ́ kò dín. Èrè onípìn-ín á fi nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 já wálẹ̀. Ìdá 5 lọ́wọ́ oníbàárà di ìdá 17 lọ́wọ́ ẹni tó ni ìpín.

Òfin ló lè yanjú èyí, ìtàn California sì fi bí òfin ṣe lè yí padà hàn wá. Láti nǹkan bí ọdún 2008, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ yẹn gba àwọn ilé-iṣẹ́ omi kan láyè pé bí oníbàárà bá lo omi kéré sí iye tí wọ́n fojú sí, kí wọ́n gba ìyàtọ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n dá ìyàtọ̀ padà fún oníbàárà. Báyìí, kò sí ìdí tí ilé-iṣẹ́ á fi máa bínú pé àwọn ènìyàn ń ṣọ́ omi lò. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ìgbìmọ̀ kan náà pa ètò yìí rẹ́ fún ọjọ́ iwájú. Àwọn ilé-iṣẹ́ gba ilé-ẹjọ́ lọ, àwọn aṣòfin ṣe òfin tuntun lé e lórí ní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní California sì yí ìpinnu 2020 náà dà ní oṣù Keje ọdún 2024. Ọdún mẹ́rin gbáko ni àwọn tó ní ìpín fi dúró láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń polongo pé òun ń kọ́ àwọn ènìyàn láti ṣọ́ omi lò, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè ni: ta ló ń san ìyàtọ̀ náà, apá wo nínú owó omi ni kò sì tẹ̀lé gálọ́ọ̀nù?

Kí n má bàa sọ̀rọ̀ lójú kan, ìdí kan wà tí àtúnlò fi lè jẹ́ ohun ìní ńlá fún ilé-iṣẹ́ yín, ibẹ̀ ni mo sì ti gbóríyìn fún wọn jù lọ. Láti ọdún 1980 ni Arizona ti ní òfin lórí omi abẹ́ ilẹ̀. Ní àwọn agbègbè tí òfin náà ń ṣọ́, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àdúgbò tuntun gbọ́dọ̀ fi hàn pé omi tó máa tó fún 100 ọdún wà. Ẹkùn Pinal, níbi tí ìlú yín wà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. (Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń ka ìròyìn: ìlú Maricopa kò sí nínú ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Maricopa County, Phoenix ló wà nínú ìyẹn.) Ní ọdún 2019, ìṣirò iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó omi fi hàn pé láàárín 100 ọdún, omi abẹ́ ilẹ̀ Pinal máa fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 acre-foot kéré sí ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ lò. Acre-foot kan jẹ́ nǹkan bíi 326,000 gálọ́ọ̀nù. Láti ìgbà náà ni ìwé àṣẹ tuntun tó gbára lé omi abẹ́ ilẹ̀ ti ṣòro láti rí gbà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 pé omi odò Colorado kò ní tó fún ọdún 2022, irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kò sì wáyé rí. Àwọn àgbẹ̀ Pinal ni ìyà rẹ̀ jẹ jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì padà sídìí kànga, abẹ́ ilẹ̀ kan náà tí ìlú ń fà.

Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó lè mú omi kan náà ṣe iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní ohun tí ẹlòmíràn kò ní: ààyè láti gba ilé tuntun. Òfin tí Arizona ṣe ní ọdún 2025 tún ṣí ọ̀nà mìíràn, ó gba àgbẹ̀ láyè láti fi ẹ̀tọ́ ìbomirin rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ilé sórí ilẹ̀ náà, nítorí pé ilé kì í lo omi tó oko. Ní ọdún 2025 kan náà ni ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí omi àtúnlò tí wọ́n bá fọ̀ dé góńgó lè wọ inú páìpù omi mímu. Bí èyí bá ń kó yín nírìíra, ẹ rántí pé Windhoek, olú-ìlú Namibia, ti ń ṣe é láti ọdún 1968. Mo gbà pé ọ̀nà tó tọ́ ni, mo sì gbà pé ó máa dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ilé ìfọmi bẹ́ẹ̀ wọ́n gan-an, ẹ̀yin tí ẹ ń san owó omi ni ẹ ó sì san án.

Ìlú tó ń gbòòrò ni ìrètí ilé-iṣẹ́ yìí. Maricopa ní ènìyàn 1,040 péré ní ọdún 2000. Ó di 43,482 ní 2010, ó sì di 58,125 ní 2020. Ẹ wo bí eré náà ṣe rọlẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá kejì. Nígbà tí ọjà ilé wó ní ọdún 2008, Pinal wà lára àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù; báǹkì gba ilé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ilẹ̀ tí wọ́n ti ya fún àdúgbò tuntun sì di ilẹ̀ asán. Ilé-iṣẹ́ omi tó ti ri owó sínú páìpù ṣáájú kò lè hú u kó lọ síbòmíràn. Lóòótọ́, wọ́n ti ń ra àwọn ilé-iṣẹ́ omi kéékèèké ní agbègbè Tucson láti ìgbà díẹ̀ wá, ṣùgbọ́n Maricopa ṣì ni ibi tí púpọ̀ jù lọ nínú àwọn oníbàárà wọn wà.

Ọkọ yín lè ti rí i pé wọ́n ń san èrè orí ìpín lóṣooṣù. Ó dùn mọ́ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí tí wọ́n san wé èyí tí wọ́n pa. Ní ọdún 2021, èrè tí ilé-iṣẹ́ náà pa lórí ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ǹtì 16. Ní 2022, ó jẹ́ sẹ́ǹtì 24. Owó tí wọ́n san fún onípìn-ín ní ọdún méjèèjì wà ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì 29. Kì í ṣe jìbìtì rárá: owó tí wọ́n yọ kúrò nínú ìṣirò èrè nítorí gbígbó ẹ̀rọ ṣì wà nínú àpò ní tòótọ́. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tó gbó yẹn gbọ́dọ̀ ní àrọ́pò lọ́jọ́ kan, ilé-iṣẹ́ tó bá sì ń san ju ohun tó ń pa lọ ní láti máa yá owó tàbí kí ó máa ta ìpín tuntun láti fi kọ́lé. Nígbà tí wọ́n bá ta ìpín tuntun, tiyín á fẹ́lẹ́ sí i nínú odindi.

Owó èlé náà ń bá wọn jà. Àwọn tó ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ omi nítorí owó tó ń wọlé lóṣooṣù máa ń fi í wé ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san lórí gbèsè tirẹ̀. Láti oṣù Kẹta ọdún 2022 sí oṣù Keje ọdún 2023, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé kúrò ní nǹkan bí òdo lọ sí ohun tó lé ní ìdá 5 nínú 100. Ẹni tó lè gba ìdá 5 láìsí wàhálà kò ní ra ìpín tó ń san ìdá 2 ní owó gọbọi mọ́. Irú ìpín báyìí lè wálẹ̀ gan-an láìjẹ́ pé omi kan sọnù tàbí pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe.

Ní ti "ìjọba ń bójú tó o", ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará wa tó wà ní London nípa Thames Water. Wọ́n sọ ọ́ di ti aládàáni ní ọdún 1989, Ofwat, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ omi níbẹ̀, sì ń ṣọ́ ọ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, nígbà tó di ọdún 2024, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ ti kọjá bílíọ̀nù 15 pọ́n-ùn; ní oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn tó ni ín kọ̀ láti fi mílíọ̀nù 500 pọ́n-ùn tí wọ́n ti ń retí kún un. Àjọ owó ìfẹ̀yìntì OMERS láti Kánádà, tí ìpín rẹ̀ tóbi jù nínú rẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdókòwò òun ti di òdo. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ofwat tún bu ìtanràn mílíọ̀nù 122.7 pọ́n-ùn fún un. Omi kò dáwọ́ dúró nílé ẹnikẹ́ni ní London. Owó àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà ló lọ. Oníbàárà ni aṣọ́-ìlànà ń dáàbò bò, olówó ìpín kò sí nínú ìlérí yẹn. Mi ò sọ pé gbèsè ilé-iṣẹ́ tiyín rí bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ pé kí ẹ máa ka ìwé gbèsè rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ohun méjì míràn wà tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ìkíní ni òfin àpapọ̀ ti oṣù Kẹrin ọdún 2024 lórí PFAS, àwọn kẹ́míkà tí kì í jẹrà, tó ní kí méjì nínú wọn má ju ìwọ̀n 4 nínú tírílíọ̀nù kan lọ nínú omi mímu. Owó ìfọmi tó bá bá èyí wá á wọ owó-ìpìlẹ̀ tó bá yá, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ ná an. Ìkejì ni pé ìlú lè fi òfin gba ilé-iṣẹ́ omi kí ó sì san owó rẹ̀: ìlú Buckeye gba Valencia Water, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ yín yìí, ní ọdún 2015, ó sì san nǹkan bíi mílíọ̀nù 55 dọ́là. Wọn kò fi ọwọ́ òfìfo lé wọn, ṣùgbọ́n ìgbà tó wu ìlú ni, kì í ṣe ìgbà tó wu àwọn onípìn-ín.

Mo ní ìdí tó pọ̀ jù wà lọ́dọ̀ yín. Ilé yín wà ní Maricopa. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ohun ìní tó tóbi jù tí ẹ ní láyé. Bí omi Pinal bá di ìṣòro tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akọ́lé fi sá, tàbí tí orúkọ ìlú náà bàjẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń wá ilé, owó ilé yín á wálẹ̀, ìpín ilé-iṣẹ́ omi náà á sì wálẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, nítorí ìdí kan náà, bóyá nígbà tí owó omi yín ń lọ sókè. Ohun mẹ́ta ló máa dùn yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń gbé ní Maryland tàbí ní Houston lè ra ìpín yìí kó sì sùn. Ẹ̀yin ti ń jẹ nínú ewu ìlú yẹn tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó ra ẹyọ ìpín kan. Ọ̀nà kan ò wọjà, ọ̀nà tí ẹ ti ń tọ̀ lójoojúmọ́ kọ́ sì ni ó yẹ kí ẹ tún gbé gbogbo ẹrù gbà. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu ènìyàn láti dókòwò sínú ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ṣùgbọ́n ojú tó ń rí ìdérí aláwọ̀ àlùkò lójoojúmọ́ kò rí ìwé gbèsè.

Ohun tí mo máa ṣe, bí ó bá jẹ́ èmi, nìyí. Mo máa kọ́kọ́ yọ owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́fà sílẹ̀ nínú 12,000 náà, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án. Nínú èyí tó bá kù, mo máa fi púpọ̀ sínú àkójọ ìpín tó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́ pọ̀, irú èyí tó ṣeé ṣe kí ó ti wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín níbi iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ omi gan-an ni ọkàn yín fẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù wà: American Water Works ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ìgbìmọ̀ kan kò lè dá a dúró, American States Water, tó wà ní California, ti ń fi kún èrè orí ìpín rẹ̀ lọ́dọọdún láti ọdún 1954. Kì í ṣe ìlérí fún ọ̀la, àmọ́ ó fi hàn pé wọ́n ti la ọ̀gbẹlẹ̀ àti owó èlé gíga kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra díẹ̀ nínú ti ìlú yín, ẹ ra á. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni, apá tó pọ̀ nínú ìpín rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀, nítorí náà kì í sí èrò púpọ̀ lórí ọjà rẹ̀. Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ san ní pàtó fún alágbàtà yín, ẹ má sọ pé kí ó ra á ní iyekíye tí ó bá wà lọ́jà.

Kí ẹ tó ra, ẹ ka ìpinnu ìgbìmọ̀ tó kẹ́yìn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó gbogbo ìwé ẹjọ́ owó omi sí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wo iye tí ilé-iṣẹ́ béèrè, kí ẹ fi wé iye tí wọ́n gbà fún un. Ẹ wo ìdá èrè tí wọ́n fọwọ́ sí fún àwọn onípìn-ín, kí ẹ sì wo ìdá tí wọ́n rí pa ní tòótọ́ nínú ìròyìn ọdún tó tẹ̀lé e. Bí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì bá ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún, ìdádúró ló ń jẹ wọ́n run, kò sì sí páìpù tuntun tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìwé ìkéde kan á sì máa bá ìwé owó omi yín wá nígbà tí wọ́n bá ń béèrè fún àfikún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Ẹ má sọ tiyín nù. Nọ́ńbà ẹjọ́ náà wà lára rẹ̀, òun ni ẹ ó fi wá àwọn ìwé náà rí, ẹ sì lè kọ èrò yín ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, yálà ẹ ra ìpín tàbí ẹ kò ra.